Agara tágẹ́ẹ̀tì: bí màkẹ́tà ṣe lè palẹ̀ ọjà mọ́ kí ara tó dáṣẹ́ sílẹ̀ fún un

Mo jókòó sínú mọ́tò níwájú ọjà Gbági tuntun, lójú ọ̀nà Ifẹ̀ n'Íbàdàn, mo ti pa iná mọ́tò, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi, fáìlì tí mo kó fọ́ọ̀mù àkáǹtì sí wà lórí itan mi, mi ò sì lè sọ̀kalẹ̀. Kì í ṣe pé ẹsẹ̀ ń dùn mí o. Mo kàn ń wo ilẹ̀kùn mọ́tò ni, ó dà bí ìgbà tí wọ́n ní kí n gun òkè. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú tí mo fi wà bẹ́ẹ̀ kí màmá kan tó ń ta áńkárá, kọ́sítọ́mà mi tó ti pẹ́, tó wá kan gíláàsì.

"Ìyá Tóbi, kí ló dé? Mo ti ń wò ẹ́ látìgbà tóo ti páàkì."

Mo ní, "Màmá, kò sí o, ó kàn rẹ̀ mí ni."

Ó ní, "Ó rẹ̀ ẹ́ láago mẹ́wàá àárọ̀? Oorun àná ńkọ́?"

Mi ò lè dá a lóhùn torí ẹkún ti dé. Ó fà mí lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ó ja ọ̀rá omi kan fún mi, ó jẹ́ kí n sunkún mi tán, lẹ́yìn náà ló wá ní: "Wò ó, tó bá ti di aago mẹ́fà màá ká aṣọ mi. Èyí tó bá tà, mo dúpẹ́. Èyí tí ò bá tà, màá kó o sínú ṣọ́ọ̀bù, màá ti ilẹ̀kùn, màá lọ sílé lọ sebẹ̀. Ìwọ ńkọ́, ìgbà wo nìwọ máa ń palẹ̀ mọ́?"

Ọdún kẹfà tí mo ti ń ṣe màkẹ́tà báńkì nìyẹn, mi ò rí èsì kankan fún un. Torí náà ẹ̀yin màkẹ́tà báńkì, ẹ̀yin tí ẹ ń ta ìnṣọ́ránsì, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ọkọ̀ ọjà kiri láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù ta ilẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ohun tí mo fẹ́ kọ síbí ni bí mo ṣe kọ́ pípalẹ̀ mọ́, àtàwọn nǹkan míì tí mo ṣe kí n tó padà di èèyàn. Mo ṣe ọdún méjì sí i níbẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ara mi sì le.

Bí ẹ ṣe máa dá a mọ̀

Ó rẹ̀ mí yàtọ̀ sí agara dá mi. Tó bá jẹ́ pé ó kàn rẹ̀ yín ni, ẹ sùn dáadáa ní Sátidé, ẹ jẹ àmàlà gbígbóná, ẹ bá ọmọ ṣeré, tó bá fi máa di Mọ́ńdè ara ti yá. Agara, tí òyìnbó ń pè ní burnout, ni èyí tí oorun ò rí nǹkan kan ṣe sí. Ẹ sùn wákàtí mẹ́sàn-án, ẹ jí, ó ṣì jókòó tì yín níbẹ̀. Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ló wà o, ní 1974 ni onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá kan ní New York, Herbert Freudenberger, ti kọ̀wé nípa ẹ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn ọ̀fẹ́ ló rí i lára wọn, ó sì mú òun náà. Ní 2019 àjọ ìlera àgbáyé, WHO, wá ṣàlàyé ẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n ń to àìsàn sí, tí wọ́n ń pè ní ICD-11, wọ́n ní ohun tó ń ti ibi iṣẹ́ wá ni, wàhálà iṣẹ́ tó ti pẹ́ lára tí wọn ò bójú tó. Wọn ò pè é ní àìsàn, wọ́n pè é ní ohun tí iṣẹ́ ń fà. Mo fẹ́ kí ẹ fi ibẹ̀ yẹn sọ́kàn gan-an, torí ọ̀pọ̀ wa ló ti gbà pé ọ̀lẹ ni wá, àbí pé ará ilé ló ń ṣe wá, èmi gan-an ti gbààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta lórí ẹ̀ kí n tó mọ̀ pé iṣẹ́ ni.

Àmì mẹ́ta ni wọ́n sọ, màá fi ọ̀rọ̀ àwa tá a ń tajà ṣàlàyé ẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ni pé agbára á tán pátápátá, ìpè fóònù kan ṣoṣo á di ẹrù. Èkejì ni pé ọkàn yín á kúrò lára iṣẹ́ náà, ẹ ò wá ní fẹ́ràn àwọn tí ẹ ń tajà fún mọ́. Èyí ló burú jù fún màkẹ́tà, torí ọ̀yàyà la fi ń jẹun. Ìyàwó bàbá kan tó ní ilé epo kú, mo lọ kí i, bàbá yẹn ń sọ bí àìsàn ṣe bẹ̀rẹ̀ fún mi, gbogbo ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ta ló máa wá ni owó tó wà nínú àkáǹtì màmá yẹn báyìí. Mo délé, ojú tì mí, mi ò lè sọ fún ọkọ mi. Mo mọ ara mi, èmi kọ́ nìyẹn, mi ò rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni pé ohunkóhun tí ẹ bá ṣe, lójú tiyín kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹ mú mílíọ̀nù 2 náírà wọlé nínú mílíọ̀nù 30 tí wọ́n fún yín ní tágẹ́ẹ̀tì, inú yín ò dùn, mílíọ̀nù 28 tó kù lẹ ń wò.

Ara náà máa ń sọ̀rọ̀. Tèmi, Sọ́ńdè ìrọ̀lẹ́, tó bá ti tó aago márùn-ún, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run mí torí ìpàdé àárọ̀ Mọ́ńdè. Tí fóònù bá dún, àyà mi á já. Orí fífọ́ ò wọ́n. Mò ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ lórí nǹkan tí ò tó nǹkan. Tí ẹ bá rí irú nǹkan báwọ̀nyí lára yín, tó sì ti lé lóṣù kan, ẹ tètè wá nǹkan ṣe sí i.

Ẹ ka wákàtí yín ná

Ẹ mú ìwé kékeré kan, fún ọ̀sẹ̀ kan péré, kí ẹ máa kọ àsìkò tí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àti àsìkò tí ẹ parí ẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ sínú létà tí wọ́n fi gbà yín síṣẹ́ o, àsìkò gan-an ni mò ń sọ. Kọ́sítọ́mà tó pè yín láago mẹ́sàn-án alẹ́, iṣẹ́ ni. Rìpọ́ọ̀tù tí ẹ ń tẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, iṣẹ́ ni. Òkú àgbà tí kọ́sítọ́mà ń ṣe ní Sátidé tí ẹ fi owó ara yín ra aṣọ ẹbí ẹ̀ lọ jókòó síbẹ̀, iṣẹ́ nìyẹn náà. Ìgbà tí mo ka tèmi, aago méje ààbọ̀ àárọ̀ sí aago méje alẹ́, Mọ́ńdè sí Fráídè, ó di wákàtí 57 ààbọ̀, ká má tíì ka Sátidé, ká má sì tíì ka sún kẹrẹ fà kẹrẹ.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ kà á ni pé ní 2021 àjọ WHO àti ILO tó ń rí sọ́rọ̀ iṣẹ́ lágbàáyé jọ gbé ìwádìí kan jáde, wọ́n ní ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 sókè lọ́sẹ̀, ewu kí rọpárọsẹ̀ kọlù ú fi nǹkan bí ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹni tó ń ṣe wákàtí 35 sí 40, ewu kí àrùn ọkàn pa á sì fi ìdá 17 jù. Ìgbà tí mo rí 57 ààbọ̀ tí mo fọwọ́ ara mi kọ, tí mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ 55 yẹn, mi ò tún bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́. Ẹ tọ́jú ìwé yẹn o, ó máa wúlò tí ẹ bá fẹ́ bá ọ̀gá sọ̀rọ̀.

Bí a ṣe ń palẹ̀ mọ́

Màmá aláńkárá yẹn ní oòrùn tó ń wọ̀, ó ní ilẹ̀kùn tó ń tì. Ọjà tiwa kì í wọ̀, inú fóònù ló wà, ó ń bá wa wọ yàrá. Torí náà àwa fúnra wa la máa ṣe ilẹ̀kùn tiwa. Bí mo ṣe ṣe é rèé, ẹ mú èyí tó bá bá yín mu níbẹ̀.

Ẹ mú àsìkò kan. Tèmi ni aago mẹ́fà ààbọ̀. Tó bá ti ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mi ò ní pe ẹnikẹ́ni mọ́, màá ṣí ìwé mi, màá kọ orúkọ àwọn tí mo rí lọ́jọ́ yẹn àti ohun tí kálukú sọ, màá kọ ohun tí mi ò rí ṣe parí àti ọjọ́ tí mo máa ṣe é, ẹ gbọ́ o, ọjọ́ pàtó ni, ẹ má kàn kọ "tó bá yá". Tí nǹkan ò bá ti ní ọjọ́, ó máa bá yín sùn ni. Màá wá kọ orúkọ ẹni tí mo máa kọ́kọ́ rí lárọ̀ ọ̀la. Ẹyọ orúkọ kan. Ó máa ń yà mí lẹ́nu bí orúkọ kan yẹn ṣe ń jẹ́ kí n rí oorun sùn, torí ohun tó ń jí mi láago mẹ́ta òru tẹ́lẹ̀ ni pé ibo ni kí n gbà lọ́la.

Lẹ́yìn náà màá fi rìpọ́ọ̀tù ránṣẹ́ sí ọ̀gá kó tó béèrè. Èyí ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ọ̀pọ̀ ìpè alẹ́ yẹn, ọ̀gá ò mọ ibi tí a dé ni, ọ̀gá tiẹ̀ náà ń bi í. Látìgbà tí mo ti ń fi tèmi ránṣẹ́ láago mẹ́fà ààbọ̀, ìpè aago mẹ́sàn-án dín kù gan-an. Tí wọ́n bá ṣì kọ nǹkan sórí gúrúùpù Wásáàpù lálẹ́, ẹ fèsì lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì ní àpọ́nlé: "Ẹ kú iṣẹ́ sà, mo ti rí i, màá fún yín lésì láago méje ààbọ̀ àárọ̀ ọ̀la." Kí ẹ sì fún wọn lésì láago méje ààbọ̀ lóòótọ́ o, torí ọjọ́ tí ẹ bá já wọn kulẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ bàjẹ́.

Sím méjì ni kí ẹ ní, tó bá ṣeé ṣe fóònù méjì, kódà kó jẹ́ fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni ti ilé. Ti iṣẹ́, aago mẹ́jọ, ẹ pa á. Ẹni tí nǹkan pàjáwìrì bá ṣe lára àwọn kọ́sítọ́mà ńlá yín lè ní nọ́ńbà kejì, àwọn mẹ́ta péré, ẹ má fún ọgbọ̀n èèyàn. Bàtà iṣẹ́ mi, ẹnu ọ̀nà ló ń dúró sí, kò wọ pálọ̀. Mo máa ń wẹ̀ kí n tó bá ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ tó gùn. Ó lè dà bí nǹkan kékeré létí yín, ṣùgbọ́n ara gbọ́dọ̀ rí nǹkan tó máa fi mọ̀ pé ọjà ti wọ̀.

Oorun wákàtí méje ni kí ẹ máa lé. Mo mọ̀ pé kì í fìgbà gbogbo rọrùn, iná ò sí, ooru ń mú, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń ké, ẹ ra fáànù tó ń gba iná sínú kí ẹ tó ra bàtà míì, mo fi gbogbo ara sọ ọ́. Ẹ́nájì dríǹkì tí gbogbo màkẹ́tà ń mu yẹn, ẹ má mu ún lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán, torí káféènì inú ẹ̀ kì í tètè jáde lára, lẹ́yìn bíi wákàtí márùn-ún ìdajì ẹ̀ ṣì lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín. Àwọn tó sì ń fún yín ní tramadol pé kí ẹ lè rìn dáadáa nínú oòrùn, ẹ sá fún wọn.

Mílíọ̀nù 30 yẹn

Tágẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fún mi nígbà yẹn ni mílíọ̀nù 30 dẹ̀pọ́síìtì láàárín oṣù mẹ́ta. Ohun tó ń pa mí ni pé mo ń jí, mo ń gbé mílíọ̀nù 30 rù. Owó yẹn ò sí lọ́wọ́ mi o! Àpò ẹlòmíì ló wà, ọkàn ẹlòmíì ló máa sọ fún un bóyá kó mú un wá. Ohun tó wà lọ́wọ́ tèmi ni ẹsẹ̀ mi àti ẹnu mi. Torí náà mo yí i padà, mo ní ohun tí mo máa kà lójúmọ́ ni iye èèyàn tí mo bá jókòó sọ̀rọ̀. Mẹ́jọ lóòjọ́, ogójì lọ́sẹ̀. Tí mo bá ti rí mẹ́jọ, mo ti ṣiṣẹ́ òòjọ́ mi, yálà wọ́n mú owó wá o, yálà wọn ò mú un wá.

Mo ṣe é fún oṣù méjì, mo wá wo ìwé mi. Nínú ogójì, bíi mẹ́fà ló ń ṣí àkáǹtì, ẹyọ kan tàbí méjì nínú mẹ́fà yẹn ló ń fi owó gidi sínú ẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé èèyàn 34 ló ń sọ fún mi lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan pé rárá. Tẹ́lẹ̀, rárá kọ̀ọ̀kan, èmi ló ń bá wí. Ìgbà tí mo rí i nínú ìwé, mo rí i pé bí iṣẹ́ yẹn ṣe rí nìyẹn, 34 ní láti sọ pé rárá kí mẹ́fà tó sọ pé ó dáa. Tiyín lè yàtọ̀, ẹ ka tiyín. Kí ẹ sì máa kọ ìdí tí kálukú fi kọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹ̀, torí "owó ò sí báyìí" yàtọ̀ sí "báńkì yín yọ owó mi láìsọ fún mi", ti àkọ́kọ́ ẹ máa padà lọ, ti ìkejì ẹ gbé e fún ẹni tó yẹ kó yanjú ẹ̀, ẹ má gbé e sórí lọ sílé.

Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ náírà tí káàṣì wọ́n bí ojú. A máa ń bọ́ káàdì ọrùn wa sápò ká tó wọ ọjà torí bí inú ṣe ń bí àwọn èèyàn. Ta ló fẹ́ kó káàṣì wá fún báńkì tí ò lè fún un ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún padà? Síbẹ̀ tágẹ́ẹ̀tì ò yí padà, wọ́n ṣì ń pe orúkọ wa níkọ̀ọ̀kan ní ìpàdé pé a ò ṣe dáadáa. Mo rí ọmọkùnrin kan tó ń sunkún lẹ́yìn ilé jẹnẹrétọ̀ lọ́jọ́ kan báyìí. Tí ẹ bá ń ka èèyàn tí ẹ rí, ẹ máa mọ ìgbà tó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ò ṣiṣẹ́ àti ìgbà tó jẹ́ pé ìlú ló le.

Àwọn nǹkan tí ẹ ò gbọ́dọ̀ fi kún tágẹ́ẹ̀tì

Owó yín. Ẹ má fi owó ara yín ṣí àkáǹtì fún èèyàn kí nọ́ńbà lè pé. Ẹ má lọ yá owó lórí àwọn app tó ń yáni lówó kí ẹ fi gbé dẹ̀pọ́síìtì sókè lópin oṣù, èlé ẹ̀ máa jẹ owó oṣù yín, oṣù tó ń bọ̀ wọ́n á tún fi kún tágẹ́ẹ̀tì torí wọ́n rò pé ẹ lè ṣe é. Owó ẹ̀gbọ́n yín, owó ṣọ́ọ̀ṣì, owó àjẹmọ́nú bàbá yín, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, àyàfi tí àwọn fúnra wọn bá fẹ́. Mo ti rí ibi tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ torí owó tó há sínú àkáǹtì.

Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ eléyìí kí n má fi bò. Alágbà kan tó ní owó á ní kí ẹ wá gba ṣẹ́ẹ̀kì ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ má lọ. Ẹ ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ́fíìsì yín ni màá ti wá gbà á, èmi àti ẹnìkejì mi la jọ ń bọ̀." Tó bá gba owó ẹ̀ lọ, kó máa gbé e lọ. Ẹ kọ ọjọ́ àti ohun tó sọ sílẹ̀, ẹ tọ́jú tẹ́ẹ̀sì ẹ̀, ẹ sọ fún ẹni kan níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Tí ọ̀gá bá ní kí ẹ fi ọgbọ́n ṣe é, ẹ bi í pé irú ọgbọ́n wo, kí ẹ sì bi í lójú ẹlòmíì. Apá ńlá nínú agara tó ń dá àwọn obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, ibẹ̀ ló ti ń wá, wọn kì í sì í sọ ọ́ síta, wọ́n á kàn ní ara ò yá.

Bí ẹ ṣe máa bá ọ̀gá sọ̀rọ̀

Ẹ má ṣe é lójú ìpàdé, ẹ má ṣe é lópin oṣù, ẹ má ṣe é nígbà tí inú ń bí yín. Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù dára, ní ọ̀sán lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ kó ìwé yín dání, ìwé wákàtí àti ìwé àwọn tí ẹ rí. Ohun tí mo sọ nìyí, bí mo ṣe rántí ẹ̀: "Ọ̀gá, ẹ ṣeun tí ẹ fún mi láyè sà. Ara mi ò dá, iṣẹ́ sì ti ń gbà á lára mi. Ogójì èèyàn ni mò ń rí lọ́sẹ̀, ìwé ẹ̀ rèé. Àwọn tí mo rí ní Bódìjà ń mú owó wá, àwọn tí mo rí ní apá ibí yìí kì í mú un wá. Mo fẹ́ kí ẹ jẹ́ kí n fi apá ibí yìí sílẹ̀ fún oṣù kan, kí n sì gba lívù mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Ẹ wò ó, mo sọ ohun tó ń ṣe mí, mo fi ìwé tì í lẹ́yìn, mo sì béèrè nǹkan méjì pàtó tí agbára ẹ̀ ká. Ẹ má lọ sọ pé "tágẹ́ẹ̀tì yìí ti pọ̀ jù" kí ẹ dákẹ́ síbẹ̀, torí òun náà kọ́ ló gbé e kalẹ̀, orí ló máa mì sí yín.

Ó gbà fún mi nípa lívù, kò gbà nípa àdúgbò. Bó ṣe máa ń rí náà nìyẹn. Lẹ́yìn oṣù kan mo tún padà lọ, ó wá gbà. Ẹ fi lẹ́tà tàbí ímeèlì kékeré tẹ̀lé ọ̀rọ̀ yín lọ́jọ́ kejì, pé "gẹ́gẹ́ bí a ṣe sọ lánàá", kó lè wà lákọsílẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ń ka èyí, ẹ dákun, ẹ yé é dá àgbàlagbà dúró níwájú èèyàn ogún kí ẹ máa bi í pé kí ló wúlò fún. Ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Irú ìdójútì bẹ́ẹ̀ ò mú owó wọlé rí, kò sì ní mú un wọlé láéláé, ó kàn ń jẹ́ kí àwọn tó mọ iṣẹ́ jù máa wá iṣẹ́ síbòmíì ni.

Lívù àti dókítà

Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, Labour Act, sọ pé òṣìṣẹ́ tó bá ti lo oṣù 12 láìdáwọ́ dúró ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 6 ó kéré tán, kí wọ́n sì san owó ẹ̀, tó bá sì ṣàìsàn tí dókítà fọwọ́ sí i, ó lè gba owó ọjọ́ iṣẹ́ tó tó 12 lọ́dún. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo èèyàn ni òfin yẹn kà mọ́ òṣìṣẹ́, àwọn tó wà nípò alákòóso àtàwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ò sí nínú ẹ̀, torí náà ẹ yọ létà tí wọ́n fi gbà yín síṣẹ́ jáde kí ẹ kà á, pàápàá ẹ̀yin tó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ míì ló gbà yín wá fún báńkì. Ọ̀pọ̀ ló ní lívù nínú létà tí wọn ò gbà rí. Tí ẹ bá ń lọ, ẹ fi orúkọ kọ́sítọ́mà mẹ́wàá tó ṣe kókó lé ẹnìkejì yín lọ́wọ́, ẹ pe àwọn mẹ́wàá yẹn kí ẹ sọ fún wọn, lẹ́yìn náà ẹ pa sím. Lívù tí ẹ ń gbé fóònù iṣẹ́ kiri kì í ṣe lívù.

Ẹ lọ rí dókítà, ẹ má fi í mọ sórí àgbo àti àdúrà nìkan, mò ń gbàdúrà o, mo ṣì ń gbà á. Ọ̀sẹ̀ tí mo sunkún ní Gbági yẹn, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, 160 lórí 100, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì. Ohun tí mo pè ní àárẹ̀ ti ń bá ẹ̀jẹ̀ mi jà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n wo ṣúgà, kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ yín bóyá kò tó, torí àwọn náà máa ń jọ agara. Ẹ sọ nípa oorun, ẹ sọ nípa ẹkún. Tó bá ní kí ẹ lọ rí àwọn dókítà ọpọlọ, ní UCH n'Íbàdàn, ní Yaba l'Ékòó, tàbí ní Aró l'Ábẹ́òkúta, ẹ má jẹ́ kí orúkọ ibẹ̀ bà yín lẹ́rù. Nígbà tí Aró bẹ̀rẹ̀ ní 1954, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo tó jẹ́ dókítà ọpọlọ, àwọn aláìsàn máa ń gbé láàárín àwọn ará abúlé tó yí ibẹ̀ ká pẹ̀lú ẹbí wọn, wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n ń lọ sílé. Ọ̀pọ̀ tó ń lọ síbẹ̀ lónìí, ọkọ̀ ni wọ́n wọ̀ lọ láàárọ̀, wọ́n rí dókítà, wọ́n padà sílé jẹ oúnjẹ alẹ́. Ní January 2023 wọ́n tiẹ̀ fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, èyí tó rọ́pò òfin àtijọ́ tó ń pe àwọn aláìsàn ní wèrè.

Tó bá jẹ́ pé ó ti dé ibi tí ẹ ń rò pé ó sàn kí ẹ kú, ẹ má ka ìyókù ohun tí mo kọ. Ẹ pe ẹni kan tó fẹ́ràn yín nísinsìnyí, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, kó tẹ̀ lé yín lọ sílé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín jù lónìí. Ẹ má dá wà.

Tó bá jẹ́ pé kí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ ló kù

Nígbà míì ẹ ti palẹ̀ mọ́, ẹ ti bá ọ̀gá sọ̀rọ̀, ẹ ti gba lívù, ẹ padà débẹ̀, ọ̀sẹ̀ kejì inú ti tún ń run yín ní Sọ́ńdè. Ìyẹn, iṣẹ́ náà ni. Ẹ má fi ìbínú lọ o. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó jọ sínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù títí tí ẹ fi ní owó oúnjẹ àti owó ilé ìwé oṣù mẹ́ta, kí ẹ máa wá iṣẹ́ míì láti ibẹ̀. Ó gbà mí lóṣù mọ́kànlá. Ẹ wo létà yín bóyá oṣù kan ni wọ́n ní kí ẹ fi sọ fún wọn ṣáájú, kí wọ́n má baà dá owó yín dúró. Ẹ gba ẹ̀dà létà ìfiṣẹ́sílẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí, ẹ dá káàdì ọrùn àti lápútópù padà kí ẹ gba ìwé pé ẹ dá a padà, ẹ bi wọ́n léèrè nípa owó pẹ́ńṣọ̀n yín bóyá wọ́n ń san án déédéé.

Kí ẹ sì pe àwọn kọ́sítọ́mà yín fúnra yín, kí wọ́n má gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Màmá aláńkárá ni mo kọ́kọ́ pè. Ó ní, "O ti palẹ̀ mọ́ nìyẹn?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá." Ó ní kí n yà ní ṣọ́ọ̀bù tí n bá ti ráyè, ó ní aṣọ kan tó ti ká sílẹ̀ fún mi.